Ooru Pẹ̀lẹ́ Lábẹ́ Irúgbìn
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ àti àwọn òbí ní ọjọ́ àjọ̀dún Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi

 

Wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tí yóò yé ọmọdé, tí àgbà náà yóò sì rí nǹkan mú lọ sílé nínú rẹ̀. Ọkàn mi lọ sórí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì èdè Yorùbá wa ní ọdún tó kọjá. Àwọn kan nínú ẹ̀yin ọmọ mọ̀ ọ́n dájú, nítorí ojú yín ni ó ṣe. Ọ̀rọ̀ nípa kóró ata rodo ni. Ọ̀rọ̀ nípa àṣìṣe olùkọ́ yín ni pẹ̀lú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, à ń kọ́ orúkọ àwọn ohun ọ̀gbìn: ata, ilá, tẹ̀tẹ̀, ewédú, tòmátì. Mo rò ó pé ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ata kò ní gbàgbé orúkọ rẹ̀. Mo ra ata rodo tí ó ti pọ́n dáadáa, mo yọ kóró inú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí pépà títí ó fi gbẹ, mo sì pín in fún ọmọ mẹ́rìnlá, márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbìn ín sínú ife yọ́gọ́ọ̀tì tí a ti lò tán, wọ́n bu omi rin ín, wọ́n kọ orúkọ wọn sára rẹ̀, a sì to gbogbo rẹ̀ sójú fèrèsé gbọ̀ngàn wa.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò hù. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá, kò hù. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, iyẹ̀pẹ̀ inú ife mélòó kan ti bu, ojú rẹ̀ funfun bí òwú. Mo wò wọ́n, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé, "Àwọn kóró wọ̀nyí ti kú. Ẹ dà wọ́n nù." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n nù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbá ife tirẹ̀ mọ́ àyà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú tèmi lọ han Màmá àgbà." Mo gbà fún un kí ó má baà sunkún. N kò gbà á nítorí pé mo ní ìrètí kankan.

Màmá àgbà yìí ti Ìbàdàn wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ti ròyìn fún wa lẹ́yìn náà, Màmá kò tilẹ̀ wo ojú iyẹ̀pẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ki ìka bọ inú ife, ó sì bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ léèrè pé, "Ilẹ̀ tí ó tutù tó báyìí, irúgbìn wo ni yóò jí nínú rẹ̀?" Ó dìde, ó gbé kúlà ńlá tí wọ́n fi gbé ìrẹsì níjọ́ ìkómọjáde. Ó rọ omi gbígbóná sínú ìgò rọ́bà tí ó máa ń gbé lé orúnkún rẹ̀ ní alẹ́, ó fi aṣọ ìnura wé e, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ kúlà, ó gbé ife ata lé e lórí, ó sì dé e. Òwúrọ̀ àti alẹ́ ni ó ń pààrọ̀ omi náà. Ní ọjọ́ kọkànlá, méjì nínú kóró márùn-ún gbé orí sókè.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ọmọ náà gbé ife wá. Kò sọ ohunkóhun. Ó kàn gbé e ka iwájú mi lórí tábìlì. Ẹ̀yin òbí, mo kàwé dé yunifásítì, ṣùgbọ́n ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Ọmọ mẹ́tàlá ti da kóró tí ó ṣeé ṣe kí ó wà láàyè nù, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu mi jáde. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìwé nípa rẹ̀, tí mo sì ń dán an wò ní ilé ìdáná mi. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òtútù ń ṣe fún kóró. Kóró kì í ṣe òkú ohun. Ó ń sùn ni. Ọ̀gbìn kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó ká jọ bí ọmọ inú oyún, oúnjẹ tí yóò kọ́kọ́ jẹ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí omi bá wọ inú kóró, ó jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ oúnjẹ náà láti fi dàgbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò lè lọ láìsí ooru. Kóró ata rodo fẹ́ràn ilẹ̀ tí ooru rẹ̀ wà láàrin 25°C sí 30°C. Bí ilẹ̀ bá tutù ju 15°C lọ, iṣẹ́ inú kóró fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Ó ti mu omi, kò sì rí agbára dìde. Àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn tí ń mú nǹkan bu tí wọ́n sì ń mú un jẹrà kò bẹ̀rù òtútù tó bẹ́ẹ̀. Bí kóró bá pẹ́ jù nínú omi tútù, àwọn ni yóò borí rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, kò sí àgbẹ̀ tí ń da ara rẹ̀ láàmú nípa ọ̀rọ̀ yìí. Oòrùn ti yáná fún ilẹ̀ kí ó tó gbé ọkọ́. Nítorí náà ni kò fi sí ẹni tí ó kọ́ wa nígbà tí a wà ní kékeré pé irúgbìn nílò ooru lábẹ́. Ilẹ̀ ni ó ń fún un, a kò sì mọ̀ pé ó ń fún un. Ìgbà tí a dé ibi tí ilẹ̀ ti tutù ni a tó mọ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, "Àǹtí, ilé wa kò ha móoru bí?" Òótọ́ ni pé ilé lè móoru, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ tútù inú ife kì í móoru tó afẹ́fẹ́ inú ilé. Ẹ̀yin òbí, ẹ rántí àmù tí ó wà ní igun ilé àwọn ìyá wa àgbà. Kò sí iná mànàmáná lára rẹ̀, síbẹ̀ omi rẹ̀ a máa tutù nínú ọ̀sán gangan. Ìdí rẹ̀ ni pé omi ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń gbé ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ife tí a gbin ata sí tí a kò bo. Omi ń kúrò lójú iyẹ̀pẹ̀, ó sì ń kó ooru lọ. Ẹ wá fi òtútù gíláàsì fèrèsé ní òru kún un. Ẹ tún fi kún un pé ọjọ́ ìpàdé nìkan ni a máa ń mú gbọ̀ngàn wa móoru. Inú àmù ni mo gbin ata àwọn ọmọ sí, tí mo sì ń bínú sí kóró pé kò jí.

Ooru wo wá ni ó yẹ? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: tutù, lọ́wọ́ọ́wọ́, gbóná, hó. Omi inú fíríìjì tutù. Omi tí a fi ń wẹ ìkókó lọ́wọ́ọ́wọ́. Tíì gbóná. Omi inú kẹ́tùlù hó. Ìkejì ni irúgbìn ata ń fẹ́. Nínú ilé yìí, bí a bá pe ènìyàn ní ẹni tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, a kò yìn ín. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀rọ̀ irúgbìn, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó dára tó o. Ẹ wo adìẹ tí ó ń sàba. Kò se ẹyin. Kò sì fi í sílẹ̀ kí ó tutù. Ó jókòó lé e fún ọjọ́ 21, ó dìde díẹ̀ láti jẹun, ó sì padà. Ooru rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í dá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí ni ìdí tí ooru náà fi ní láti wá láti ìsàlẹ̀? Gbòǹgbò ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lára kóró, ìsàlẹ̀ ni ó sì ń lọ. Ó yẹ kí ó bá ilẹ̀ tí ó móoru pàdé. Bí ooru bá ti òkè wá, ojú iyẹ̀pẹ̀ ni yóò gbẹ, ìsàlẹ̀ yóò sì tutù síbẹ̀.

Kì í ṣe àwa ni a bẹ̀rẹ̀ irú ọgbọ́n yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà nílé mọ̀ pé ààtàn a máa ru èéfín ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ìdọ̀tí tí ń jẹrà ni ó ń mú ooru wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àwọn olùtọ́jú ọgbà ayé àtijọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọn a kó ìgbẹ́ ẹṣin jọ, wọn a sì lo ooru rẹ̀ fún ọ̀gbìn. Ní Heligan, ní agbègbè Cornwall, kòtò kan ṣì wà tí wọ́n kọ́ ní ayé Ọbabìnrin Victoria, níbi tí wọ́n ti ń fi ooru ìgbẹ́ ẹṣin gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó bá lè so ní ilẹ̀ olótùútù, ata rodo kò gbọdọ̀ já wa kulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ó ti ṣe é nílé, láìra ohun olówó ńlá.

Èkínní ni ọ̀nà Màmá àgbà, òun ni mo sì fẹ́ràn jùlọ. Kò sí ilé Yorùbá kan ní ìlú yìí tí kò ní kúlà. Bí ó ti ń pa ooru ìrẹsì mọ́ títí àlejò yóò fi dé, bẹ́ẹ̀ ni yóò pa ooru irúgbìn mọ́. Ẹ wá ike omi méjì tí ó ní ìdérí tó le, kí òbí rọ omi gbígbóná láti ẹnu ẹ̀rọ sí i. Kì í ṣe omi tí ó ń hó, nítorí ike fẹ́lẹ́ yóò ká. Ẹ fi aṣọ ìnura wé wọn, ẹ tẹ́ wọn sí ìsàlẹ̀ kúlà, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ lé wọn, kí ẹ sì to àwọn ife sórí pákó. Ẹ dé kúlà. Ẹ pààrọ̀ omi ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Àsìkò náà ni afẹ́fẹ́ titun yóò sì wọlé. Kóró ata kò nílò ìmọ́lẹ̀ kí ó tó hù, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù òkùnkùn inú kúlà.

Èkejì, àwọn ilé àtijọ́ kan ní kọ́bọ́ọ̀dù tí táǹkì omi gbígbóná wà nínú rẹ̀. Pẹpẹ tí ó wà lókè táǹkì náà, níbi tí ìyá ń tẹ́ aṣọ sí kí ó gbẹ, dára púpọ̀ fún irúgbìn.

Ẹ̀kẹta ni irin gbígbóná ara ògiri tí ń mú ilé móoru. Ẹ má gbé ife lé e ní tààrà. Ẹ fi pákó àti aṣọ ìnura tí a ká sí àárín wọn. Ọ̀nà yìí kò dúró déédéé, nítorí bí a bá pa á ní òru, ilẹ̀ yóò tutù. Bí ó sì bá ṣiṣẹ́ jù, iyẹ̀pẹ̀ yóò gbẹ. Orí fíríìjì náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fíríìjì òde òní kì í móoru lórí. Ẹ fi ọwọ́ kàn án kí ẹ tó gbára lé e.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ẹ rántí àmù. Ẹ fi ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀ bo ẹnu ife, kí omi má baà máa gbé ooru lọ. Kí iyẹ̀pẹ̀ rin, kí omi má sì dúró nínú rẹ̀. Kí iyẹ̀pẹ̀ tí ó bo kóró má ju nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Tẹmómítà kékeré kan tí a lè kì bọ ilẹ̀ kò wọ́n. Bí kò bá sí, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ bí ìyá ti ń tọ́ wàrà ọmọ wò. Bí ó bá gbóná mọ́ yín lọ́wọ́, ó ti pọ̀ jù fún kóró. Ooru tí ó bá ju 35°C lọ kò jí i mọ́. Ó lè pa á.

Ìkìlọ̀ méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́, ẹ̀yin ọmọ, òbí nìkan ni yóò fọwọ́ kan omi gbígbóná. Iṣẹ́ tiyín ni láti gbìn, láti wò, àti láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkejì, omi àti iná mànàmáná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mo ti rí ẹni tí ó gbé ife ọ̀gbìn lé orí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ má ṣe é. Ẹ má sì tẹ́ aṣọ oníná tí a fi ń sùn sí abẹ́ ife olómi. Wọ́n ń ta ẹní oníná tí a dìídì ṣe fún irúgbìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo iná, kí ó ra ìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo irúgbìn ni ó ń béèrè ooru kan náà. Ilá fẹ́ ooru bí ata. Tòmátì fara mọ́ 20°C sí 25°C, ó sì máa ń tètè hù jù ú lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tọ́ọ̀sì kò fẹ́ ẹ. Bí ilẹ̀ bá móoru jù, sùn ni yóò máa sùn. Ti ewédú tún yàtọ̀, nítorí pé èèpo kóró rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí omi kì í fi wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń di kóró rẹ̀ sínú aṣọ, tí wọ́n ń rì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí wọ́n sì ń tètè fà á jáde. Ohun tí yóò pa kóró ata ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún kóró ewédú. Ẹni tí yóò tọ́jú irúgbìn ní láti kọ́kọ́ mọ irúgbìn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbàgbé. Ní ọjọ́ tí ata bá gbé orí sókè, iṣẹ́ kúlà ti parí. Ẹ gbé e jáde lọ́jọ́ náà gan-an sí ojú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, nínú yàrá tí kò tutù. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú ooru àti òkùnkùn, yóò ga bí okùn, ewé rẹ̀ yóò ràn, yóò sì wó lulẹ̀. Ooru tí ó jí i ní òní lè sọ ọ́ di ọ̀lẹ ní ọ̀la. Ẹ má sì sáré gbé e sí ìta. Ní ìlú yìí, yìnyín òru ṣì lè bọ́ nínú oṣù Karùn-ún. Ẹ dúró di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà.

Ẹ̀yin òbí, bí a bá jáde lónìí, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba kóró ata rodo márùn-ún nínú àpò ìwé kékeré. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá àyè fún un nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ ní ojoojúmọ́, kí ó sì kọ gbólóhùn kan sínú ìwé rẹ̀ ní èdè wa: "Lónìí, ilẹ̀ tutù." "Lónìí, ilẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́." Ní ọjọ́ kan, yóò kọ ọ́ pé: "Ata mi ti hù." Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí ata rodo kì í yára. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ mọ ibi tí kóró wọ̀nyí ti wá. Màmá àgbà ti padà sí Ìbàdàn kí igi ata méjèèjì tó tanná, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ rẹ̀ tọ́jú wọn lójú fèrèsé ilé ìdáná wọn. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ó gbé ata rodo pupa mẹ́ta wá fún mi, ó fi pépà wé wọn. N kò se wọ́n. Mo là wọ́n, mo yọ kóró wọn, mo sì pa á mọ́ títí di òní. Àwọn ni ẹ ó mú lọ sílé. Ìyá wọn wà lára èyí tí mo ní kí wọ́n dà nù.

Nítorí náà, bí tiyín kò bá tètè hù, ẹ má ṣe sọ ohun tí mo sọ. Ẹ má pè é ní òkú. Ẹ kọ́kọ́ ki ìka bọ ilẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ó tutù.